Ìpalẹ̀mọ́ Ìrìn-Àjò sí Sochaux

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé bàbá àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn ń tọ́jú owó láti lọ sí ilẹ̀ Faransé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé Paris ni ó ń lọ, tàbí Lourdes bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà. Bàbá tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò ní nǹkan kan í ṣe ní ibi méjèèjì. Sochaux ni ó ń lọ. Sochaux kì í ṣe ìlú ńlá. Ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni ó wà, lẹ́bàá Montbéliard, kò sì jìnnà sí ààlà Switzerland àti ti Jámánì. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìlú tí a ń dárúkọ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1912, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1988, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà ní títò fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n.

Ọmọ ọdún 71 ni bàbá náà. Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní 1970. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní òmìnira ní 1975, ó sì gba ọ̀nà Òkè Ọya lọ ní 1977 nítorí ó gbọ́ pé wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot jọ ní Kaduna. Kò rí iṣẹ́ gbà ní ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀bá títì ni ó pàgọ́ sí, òun àti ọmọ Hausa kan tí ń ṣe iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì jọ jẹun lórí ọkọ̀ Peugeot fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó padà sílé. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, kò tún ọkọ̀ mìíràn ṣe. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ Jàpáàn wá, yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ èdè rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kì í pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Pijó ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Orúkọ ìdílé ni Peugeot. Ahọ́n Faransé a máa fún un pọ̀. Ahọ́n Yorùbá tú u sílẹ̀ di Pijó, ó fi ohùn sí i lórí, ó sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó ń tẹ̀ lé orúkọ náà kò gba irú ìsọdọmọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti gbé ọkọ̀ 201 jáde ní 1929 ni wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà láti fi òdo sí àárín nọ́ńbà mẹ́ta, wọ́n sì di àṣà náà mú débi pé nígbà tí Porsche fẹ́ pe ọkọ̀ tirẹ̀ ní 901 ní 1964, Peugeot ta kò ó, ọkọ̀ náà sì di 911. Olùkọ́ èdè tí ó bá fẹ́ ka 504 bí òǹkà Yorùbá ṣe là á kalẹ̀ yóò wí pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rin. Ó tọ̀nà. Àmọ́ kò sí awakọ̀ kan ní gáréèjì Ọjọ́ọ̀ tí yóò mọ̀ pé ọkọ̀ ni olùkọ́ náà ń sọ. Fáìfù-ó-fọ́ọ̀ ni wọ́n mọ̀: orúkọ ìdílé àwọn Faransé, òǹkà Gẹ̀ẹ́sì, ohùn Yorùbá, gbogbo rẹ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n tò ní ilẹ̀ Hausa.

Ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá Peugeot ṣe àdéhùn, ilé-iṣẹ́ Kaduna sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ọkọ̀ 504, tí àwọn Faransé gbé jáde ní 1968, tí àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù sì yàn ní ọkọ̀ tí ó ta yọ jù lọ fún ọdún 1969, ni ó di ojú Kaduna. Kò pẹ́ tí ó fi gba orí títì. Irú ọkọ̀ kan náà tí ọ̀gá ìjọba ń jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí awakọ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún un, ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà sí Zaria ń há ara rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú àpò gàrí lórí itan. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Èyí tí ó gùn, tí ó ní ìlà àga mẹ́ta, ni àwọn èrò ń wọ̀ láti Ìbàdàn gba Ìlọrin, gba Jẹ́bbà àti Mokwa, títí dé Birnin Gwari àti Kaduna. Familiale ni àwọn tí ó ṣe é ń pè é, èyí tí í ṣe ti ẹbí: bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ni wọ́n ní lọ́kàn, tí wọ́n ń lọ gbafẹ́ ní etí òkun. Ní Nàìjíríà, àwọn tí wọn kò mọ ara wọn rí ni wọ́n ń jókòó ní ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n á jọ gbàdúrà kí ọkọ̀ tó gbéra, tí wọ́n á sì ti mọ orúkọ ọmọ ara wọn kí wọ́n tó dé Jẹ́bbà.

Àwọn Faransé ṣíwọ́ ṣíṣe 504 kékeré ní ilẹ̀ wọn ní 1983. Kaduna kò ṣíwọ́. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣì ń to ọkọ̀ náà jọ níbẹ̀. Argentina pàápàá ń ṣe é títí di ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n sì tò ó ní Kenya pẹ̀lú, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dún nínú eré ìje Safari: 504 gba ipò kìn-ín-ní ní 1975 àti ní 1978, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin ní àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ ìtàn ọkọ̀ yìí ní pípé, apá tí ó gùn jù nínú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Sochaux. Kókó yìí ni bàbá náà dì mú, òun ni ó sì ń lé e lọ.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà lè rò pé àṣejù ni ìfẹ́ tí ó ní sí ọkọ̀ kan. Ẹ gbọ́ àlàyé rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì 504, láínà ni pístìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, omi ni ó sì yí láínà náà ká. Kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti gbẹ́ ihò pístìn. Bí ó bá jẹ, a óò tú tọ́ọ̀pù, a óò fa láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, a óò sì fi tuntun rọ́pò pẹ̀lú pístìn àti ríǹgì rẹ̀. Kò sí pé à ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin. Lábẹ́ igi, pẹ̀lú sípánà, jáàkì àti ọmọ iṣẹ́ méjì, ẹ́ńjìnì tí ó ti kú lè jí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn tí ó ya àwòrán ẹ́ńjìnì yẹn kò mọ Bàbá Pijó, wọn kò sì ronú nípa ẹ̀bá títì Kaduna, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe bá ọwọ́ rẹ̀ mu ju ohunkóhun tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ òde òní, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wí, kọ̀ǹpútà ni ó ń bá sọ̀rọ̀. 504 ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Láti 1979 ni ó ti ní ìwé ìkọ̀wé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí sípánà rẹ̀, níbi tí ó ti ń kọ ọjọ́, irú ọkọ̀, àìsàn tí wọ́n gbé e wá fún, àti ohun tí ó ṣe. Yorùbá ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni èdè tí ó kọ́ bí a ti ń kọ ọ́ kí ó tó kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ti di mọ́kànlá. Òróró wà lójú ewé púpọ̀ nínú wọn, eku sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan. Ojú ewé kan kà báyìí: “Ọkọ̀ alájà Sábó. Ó ń wúkọ́ bí ó bá ń gun òkè. Púlọ́ọ̀gì ò ní nǹkan. Kabúrétọ̀ ni. Mo fọ̀ ọ́, ó dákẹ́.” Òmíràn: “Ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń ta èéfín búlúù. Láínà kejì ti jẹ. Owó kò sí lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Mo pààrọ̀ ríǹgì nìkan, mo sọ fún un pé oṣù mẹ́fà ni.” Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gègé mìíràn: “Ó lo ọdún méjì.” Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, tí ó sì ti ń wá ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti fi èdè náà ronú lórí ìwé láìsí olùkọ́ tí ó pàṣẹ fún wọn, yóò mọ iye irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìwé yìí ni ìdí ìrìn-àjò náà gan-an. Ó fẹ́ wo àwọn ọkọ̀, òótọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe nọ́ọ̀sì ní London, ti fi àwòrán àwọn nǹkan tí ó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ó sì ti mọ púpọ̀ nínú wọn lórí bí ọmọ kéú ti í mọ Fátíhà. Ó mọ̀ pé ayùn ni ìdílé Peugeot ń ṣe lẹ́yìn tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan sọ ọlọ ọkà di ibi ìrọ irin ní 1810, àti pé ayùn yẹn ni kìnnìún inú àmì wọn kọ́kọ́ dúró fún: eyín tí kò kú, ara tí ó tẹ̀ láìṣẹ́, àti ìyára. Ó mọ̀ pé wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìlọkọfí, wọ́n ṣe irin tí ń na abẹ́ yẹ̀rì àwọn obìnrin, wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnì Daimler sínú ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Èyí tí ó ya òun lẹ́nu jù ni ọkọ̀ kan tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, tí wọ́n ṣe fún Bey, ọba Tunis, ní 1892, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà dá lára bí ìlẹ̀kùn ààfin. Áfíríkà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Áfíríkà tí ó wà níbẹ̀ ni ti ọba tí ó ra ọkọ̀. Ti ẹni tí ó tún un ṣe ni Bàbá Pijó fẹ́ gbé lọ. Ó ti gbọ́ pé ibi ìpamọ́ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wà ní Hérimoncourt, tí kò jìnnà sí Sochaux, ó sì ti pinnu pé ibẹ̀ ni àwọn ìwé mọ́kànlá náà yóò ti ní ẹ̀dà.

“Bàbá mi, ta ni yóò kà á níbẹ̀?” ni ọmọ rẹ̀ bi í.

“Wọn yóò wá ẹni tí ó lè kà á. Àwa náà wá ẹni tí ó ka ìwé tiwọn fún wa.”

Ìyá àwọn ọmọ kò fara mọ́ ọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Orúnkún ni ó ń wò. Dókítà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò tán ọ̀rọ̀ orúnkún ọ̀tún, ó sì ti dárúkọ iye tí yóò ná wọn. Owó tí ó wà nílẹ̀, pẹ̀lú èyí tí ọmọ London fẹ́ fi kún un, tó fún iṣẹ́ abẹ tàbí fún ìrìn-àjò, kò tó fún méjèèjì. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ pín sí méjì. Èyí àgbà ní Abẹ́òkúta ní kí bàbá ṣe orúnkún, kí wọ́n ya àwòrán àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ parí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọgbọ́n wà nínú ohun tí ó wí, kò sì sí ẹni tí ó lè já a ní koro. Ìdáhùn bàbá rẹ̀ ni pé ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ wá, inú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù ni yóò sùn. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń fún ní àga. Ó bi dókítà bóyá orúnkún náà lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Dókítà ní ó lè dúró, ṣùgbọ́n yóò máa dùn ún, kò sì ní sàn fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ìdajì rẹ̀ ni ó sì gbọ́.

Ohun tí ó yí ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn padà kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé tàbí orúnkún. Ó gbọ́ pé láti 1874 ni Peugeot ti ń ṣe ẹ̀rọ ìlọta.

“Bàbá wọn, ṣé ó lè lọ rodo?”

“Rárá. Ata gbígbẹ ẹlẹ́yọ ni, irú èyí tí ó jọ iyèré.”

“Kí ni mo wá fẹ́ fi ṣe?”

Ó fi ọ̀sẹ̀ kan ronú, ó sì bi ọmọ rẹ̀ ní London ní iye tí wọ́n ń tà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí láti “bí ẹ bá lọ” sí “nígbà tí ẹ bá lọ”.

Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e ni ti Mulhouse. Ìlú yìí, tí ó wà ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí Sochaux, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tí ó tóbi gidigidi, tí ọkọ̀ inú rẹ̀ ju 400 lọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Bugatti. Ọmọ rẹ̀ rò pé ẹni tí ó bá ti dé ìtòsí kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bàbá kọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé olówó tí ó ń ra ọkọ̀ jọ yàtọ̀, lójú tirẹ̀, sí ti ẹni tí ó ṣe ọkọ̀: èkínní ń fi ohun tí ó ní hàn, èkejì ń fi ohun tí ó mọ̀ hàn. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe yìí dára, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbé e yẹ̀ wò. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ kà síwájú, ó sì rí ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ilé náà. Hans àti Fritz Schlumpf, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́ òwú ní agbègbè yẹn. Wọ́n ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n ń tò ó sínú ilé-iṣẹ́ òwú kan tí wọ́n tì pa. Nígbà tí òwò wọn dẹnu kọlẹ̀ ní 1976, wọ́n sá lọ sí Switzerland. Ní 1977, àwọn òṣìṣẹ́ já wọ inú ilé náà, wọ́n sì rí àwọn ọkọ̀ tí ń dán gbirin lábẹ́ àtùpà aláràbarà, nígbà tí wọ́n ti ń sọ fún wọn pé owó kò sí. Wọ́n gba ilé náà, wọ́n ń ṣọ́ ọ fún ọdún méjì, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ará ìlú, wọ́n sì pè é ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1982 ni ó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé mọ̀.

Bàbá ní kí wọ́n tún ìtàn náà kà fún òun. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́, ó sì ní òun yóò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Mulhouse. Kì í ṣe torí Bugatti. Àwọn tí wọ́n hun òwú tí owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ni ó fẹ́ kí.

Físà ni ó le jù. Ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan ti kọ̀ fún un rí, ní ọdún tí ọmọ rẹ̀ gba oyè ní òkè òkun. Ìwé tí wọ́n fi dá a lóhùn ní kò dá wọn lójú pé yóò padà sílé. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ní ojú kan, tí gbogbo àdúgbò ń fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ pè! Ìtìjú náà kò tíì tán lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, kò nílò físà fún ìbẹ̀wò ráńpẹ́ sí ilẹ̀ Faransé. Òun nílò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ṣòro láti kà, ó kàn pọ̀ ni: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọjá ọjọ́ ìpadàbọ̀ pẹ̀lú oṣù mẹ́ta ó kéré tán, adójútòfò ìrìn-àjò tí ó bo 30,000 owó yúrò, ẹ̀rí ibi tí yóò sùn, àkọsílẹ̀ láti báńkì, àti owó físà tí ó ti di 90 yúrò láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni ènìyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé síwájú wọn, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ọjọ́ 15.

Ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìdí ìrìn-àjò ni wọ́n ti há. Ọmọ àgbà ní kí wọ́n kọ pé ó fẹ́ wo Paris, nítorí ìyẹn ni ó yé gbogbo ènìyàn. Bàbá ní òun kò ní fi irọ́ kan ilẹ̀kùn. “Ọkọ̀ ni mo fẹ́ lọ wò. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú hàn gbangba. Àwọn ará Yúróòpù a máa gbéra láti ìlú wọn lọ sí Stuttgart, lọ sí Sochaux, lọ sí Wolfsburg, nítorí ọkọ̀ tí bàbá wọn wà nígbà èwe, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn bá sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, ó dà bí ẹ̀tàn. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan níkẹyìn pé òótọ́ ni wọn yóò kọ, wọn yóò sì fi àwòrán ojú ewé mẹ́ta nínú àwọn ìwé náà tì í lẹ́yìn.

Ọ̀nà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti Èkó sí Paris ni bàbá yóò bá ọkọ̀ òfuurufú lọ; ọmọ rẹ̀ yóò pàdé rẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin eléré ní Gare de Lyon, yóò sì gbé wọn dé Belfort-Montbéliard ní bíi wákàtí méjì àbọ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n mú. Òtútù agbègbè yẹn kò ṣe é fi orúnkún dánwò ní oṣù Kìn-ín-ní, oṣù Kẹjọ sì ni àwọn Faransé ń sinmi. Bákan náà, ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ohun-ìní àjogúnbá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé tí í wà ní títì máa ń ṣí. Ọmọ rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n yá àga onítáyà fún un nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ó ní rárá, àwọn tí ó yẹ kí ó wà lórí táyà níbẹ̀ ni ọkọ̀. Ọ̀pá ni yóò mú dání.

Lẹ́tà sí ibi ìpamọ́ ìwé ni ó kẹ́yìn. Bàbá pè é ní Yorùbá, ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láti orí fóònù, olùkọ́ èdè Faransé kan ní Ìbàdàn sì jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta láti yí i padà, pẹ̀lú ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n yàn. Ọ̀rọ̀ tí ó ní irin nínú kò da olùkọ́ náà láàmú. Láínà, pístìn, kabúrétọ̀: wọ́n ní orúkọ, ìwé atúmọ̀ sì ní wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ó mú un dúró. Báwo ni a óò ti sọ pé ọkọ̀ dákẹ́, tí kì í ṣe pé ó kú, bí kò ṣe pé ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ó gbé gbólóhùn mẹ́ta yẹ̀ wò, kò sì fẹ́ràn ọ̀kankan. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìwúkọ́, ó ti ń múra láti fi àlàyé gígùn rọ́pò rẹ̀, ni ó bá rántí pé àwọn Faransé náà a máa sọ pé ẹ́ńjìnì ń wúkọ́; tousser ni, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ọmọ tí òtútù mú.

Bàbá Pijó ní kí ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu, ó fi ohùn Yorùbá sí i, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn ènìyàn yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ẹ̀dà ìwé mẹ́wàá ni yóò gbé lọ, pẹ̀lú ojúlówó kan. Wọ́n bi í èwo ni yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀ nínú mọ́kànlá, nítorí kò sí ọ̀kan tí ó fẹ́ràn láti yà kúrò lára ìyókù. Ti 1983 ni ó mú, ọdún tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe 504 kékeré ní Faransé. Ọkọ̀ 62 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn sì kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù lórí ẹsẹ̀ ara wọn, àfi méjì. Ó ti fi láílọ́ọ̀nù wé ìwé náà, ó sì ti tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ kóòtù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fún un láti wá fi ìka tẹ ẹ̀rọ nítorí físà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.